Dídúró De Olúwa Kì í Ṣe Ìjókòó Lásán

Ẹ́kísódù 14:13 ni àwọn kan fi ń pa tálákà lẹ́nu mọ́: Mósè ní kí Ísírẹ́lì dúró. Kí ló dé tí wọn kì í ka ẹsẹ 15, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí wọ́n máa lọ? Ẹsẹ méjèèjì kò takora: ọ̀kan lé ìbẹ̀rù lọ, èkejì gbé wọn rìn.

Ní oṣù Keje 2012, wákàtí 72 ni ìjọba Èkó fún àwọn ará etí omi Makoko ní Yaba láti kó kúrò. Ṣé irú wọn la ó ní kí wọ́n ṣì máa retí ohùn? Míkà 6:8 ti sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí a ó gbà la lè gbàdúrà lé lórí. Ẹni tó ń dúró de Olúwa, kó dúró ti aládùúgbò rẹ̀.