"Smell": Nígbà Tí Imú Bá Ń Gbọ́

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí: "smell". Ó kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, òórùn ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀nà rẹ̀ pín sí méjì. "I smell the soup" ni pé mo ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. "The soup smells" ńkọ́? Ọbẹ̀ ń rùn nìyẹn! Ọkọ tí ó bá fẹ́ yin ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi "good" tàbí "nice" tì í lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Yorùbá: "ó ń rùn" kì í ṣe ìyìn, "ó ń ta sánsán" ni ìyìn. Láyé àtijọ́, "stink" pàápàá lè tọ́ka sí òórùn dídùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó di ti òórùn burúkú nìkan. Bí Òyìnbó bá sì ní òun "smell a rat", kì í ṣe pé eku kú sílé. Ó fura ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí jù nìyí. Àwa Yorùbá ń fi etí gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ èdè, a sì ń fi imú gbọ́ òórùn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi lè sọ pé "I am hearing the smell of gas", tí gbogbo ilé yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, "I can smell gas" ni ó tọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi èròjà olóòórùn sínú gáàsì ìdáná ni, kí a lè tètè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ọmọ náà ti gbọ́ ohun tí ó yẹ kí á gbọ́. Ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná mànàmáná. Ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó ara ilé jáde. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè dúró.

Èmi kò lòdì sí àtúnṣe. Ẹ̀rín tí í pa ọmọ lẹ́nu mọ́ ni mo lòdì sí. Ọmọ tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí lè dákẹ́ lọ́la, nígbà tí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó gbóòórùn ewu.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.