Ọmọ náà ò ṣubú, àtẹ yín ló wó

1/ Tírẹ́ẹ̀dì yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ mock draft NFL ni mo fẹ́ sọ, àwọn tó máa ń to orúkọ sílẹ̀ ṣáájú ìparí oṣù kẹrin pé ẹgbẹ́ báyìí máa mú ọmọ báyìí. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní pẹ̀lú yín: tí àtẹ yín bá kùnà, orí ọmọ tí ẹ kọ orúkọ ẹ̀ lẹ máa ń di ẹ̀bi lé. Ó tó gẹ́ẹ́.

2/ Ẹ̀yin tó jẹ́ pé Premier League nìkan lẹ mọ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ. Ẹgbẹ́ 32 ló wà ní NFL. Lọ́dọọdún, wọ́n á fi ọjọ́ mẹ́ta mú àwọn ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpele méje. Ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa kéré jù lọ́dún tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú, ẹni tó gba ife ló wà lẹ́yìn pátápátá, àfi tí wọ́n bá ṣe pàṣípààrọ̀ ipò láàárín ara wọn. Ọmọ náà ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ipò tí wọ́n bá sì ti mú un ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu gbogbo owó tó máa gbà fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́.

3/ Ó yá, 2025. Shedeur Sanders, quarterback Colorado, ọmọ Deion Sanders. Ọ̀pọ̀ àtẹ fi í sí ìpele kìíní, àwọn kan tiẹ̀ fi í sáàárín mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọjọ́bọ̀ kọjá, wọn ò pe orúkọ ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì náà kọjá. Ẹnì kan tiẹ̀ tún pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ó ń díbọ́n pé òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́ kan, ó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Cleveland Browns tó mú un, ìpele karùn-ún, ipò 144. Quarterback márùn-ún ló ti lọ ṣáájú ẹ̀, Browns fúnra wọn ló sì mú ọ̀kan nínú wọn!

4/ Kí ni gbogbo ayé ń kọ? "Ó ṣubú." Ṣubú láti ibo? Ẹni tó bá gun igi ló ń já bọ́. Ọmọ yìí ò gun nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ gbé e sórí ọ̀pẹ nínú àtẹ yín, ilẹ̀ ló wà ní tiẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ 32 wá ní àwọn ò rí i lórí ọ̀pẹ, ẹ̀ ń bi í pé kí ló dé tó já bọ́.

5/ Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Cam Ward tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn fọwọ́ sí ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 49 dọ́là. Ti Shedeur ò tó mílíọ̀nù 5. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kó owó yẹn lọ, mo gbà. Àwọn ẹgbẹ́ ló pinnu, wọ́n sì lè ní ìdí tiwọn. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ̀yin lẹ rán aṣọ ẹ̀ tí ẹ fi wọ̀ ọ́.

6/ Ẹ tún wo ti David Ojabo. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, Aberdeen ní Scotland ló dàgbà sí, Michigan ló ti gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì. Ìpele kìíní ni ọ̀pọ̀ àtẹ fi í sí ní 2022. Nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n ṣe draft, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ẹ̀ já níbi tó ti ń fi ara ẹ̀ han àwọn kóòṣì. Ravens mú un ní ipò 45. Wọ́n ní òun náà ṣubú. Ẹ jọ̀ọ́, iṣan ọmọ ló já! Èwo ni ti "ó ṣubú" bíi pé ọjà ni iye owó ẹ̀ wálẹ̀?

7/ Báwo ni àtẹ yìí tiẹ̀ ṣe ń wáyé? Ẹnì kan á kọ tiẹ̀. Èkejì á wò ó, á yí orúkọ méjì padà. Ẹ̀kẹta á wo àwọn méjèèjì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo wọn ti jọra, wọ́n á wá ní "gbogbo èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀." Gbogbo èèyàn wo? Ohùn ẹnì kan ló ń dún padà látinú àpáta.

8/ Àwọn ẹgbẹ́ tó mọ òótọ́ ń kọ́? Wọn ò ní sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ẹrù lọ́jà kì í yin ẹrù náà lójú ẹni tó ń tà á. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ràn ọmọ kan gidi á pa ẹnu mọ́ kí ẹlòmíì má baà lọ gbà á. Ẹni tó bá wá ń sọ̀rọ̀ sí oníròyìn létí lóṣù kẹrin, ẹ mọ̀ pé ó ní nǹkan tó ń tà. Òun lẹ gbọ́ tí ẹ lọ kọ sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ wà nínú yàrá ìpàdé.

9/ Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ní 2024, Atlanta Falcons fún Kirk Cousins ní ìwé ọdún mẹ́rin tó lè tó mílíọ̀nù 180 dọ́là lóṣù kẹta. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n fi ipò 8 mú quarterback mìíràn, Michael Penix Jr. Gbogbo ayé yanu. Ní 2025, ọ̀pọ̀ àtẹ fi Travis Hunter sí Cleveland ní ipò 2. Jacksonville gbéra láti ipò 5, wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n gbé e lọ. Bí ipò kejì bá ti yí, kí ló kù nínú ọgbọ̀n tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀?

10/ Àwọn tó ń mú ọmọ gan-an ń ṣìnà, àwọn tó ní dókítà, fídíò àti owó. Ní 2000, quarterback mẹ́fà ló lọ kí Patriots tó mú Tom Brady ní ipò 199. Super Bowl méje ló gbà. Ní 2017, Chicago Bears san ipò mìíràn kún tiwọn kí wọ́n lè gòkè láti 3 sí 2, torí Mitchell Trubisky. Patrick Mahomes ṣì wà nílẹ̀ títí di ipò 10. Brock Purdy ni ẹni tó kẹ́yìn pátápátá ní 2022, ipò 262. Ní ìparí sáà ẹ̀ kejì, Super Bowl ló bá 49ers dé. Tí àwọn yẹn bá ń ṣìnà báyìí, ìwọ tó mú fóònù dání lórí bẹ́ẹ̀dì, ibo lo ti rí ìdánilójú tìẹ?

11/ Mo ti mọ èsì tó ń bọ̀: "Eré ni jàre, má le koko." Mo gbọ́. Èmi náà fẹ́ràn àríyànjiyàn ẹ̀, ó dùn ju kí wọ́n mú ọmọ fúnra ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń gba owó èèyàn lórí ta ni wọ́n máa mú sí ipò wo. Àtẹ yín ni àwọn kan ń wò kí wọ́n tó fi owó lélẹ̀. Ẹ sì mọ irú èèyàn yìí nílé. Ẹ mọ àwọn tó ń ta "sure odds" lórí Telegram. Láàárọ̀ Sátidé, "ó ti wọlé." Nírọ̀lẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ti já, wọ́n ti pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Kí ni ìyàtọ̀?

12/ Babaláwo tó bá dá Ifá fún ọ tí kò ṣẹ, o mọ ilé ẹ̀. Wàá lọ kan ilẹ̀kùn, àdúgbò á sì gbọ́. Ẹ̀yin, ilé yín dà? Àtẹ ọdún tó kọjá dà? Ẹ ti sọ ọ́ nù, ẹ ti gbé tuntun jáde.

13/ Mo mọ̀ pé orúkọ wa ló fa ọ̀pọ̀ nínú wa wọ inú draft yìí. Tí wọ́n bá ka Olumuyiwa Fashanu, tí Jets mú ní ipò 11 ní 2024, inú wa á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Dare Ogunbowale náà. Ní 2017, ìpele méjèèje parí, kò sẹ́ni tó pè é. Àtẹ yín ò mọ̀ ọ́n. Lóṣù kọkànlá 2023, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọ òpó fún Houston Texans farapa. Ogunbowale, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa gbé bọ́ọ̀lù sáré, ló bọ́ síwájú, ó gbá a wọlé. Texans borí Tampa Bay, 39 sí 37. Ọmọ tí ẹ ò fi sórí igi kankan rèé o.

14/ Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ máa kọ mock draft yín, ṣùgbọ́n ẹ lẹ àtẹ ọdún tó kọjá mọ́ abẹ́ ẹ̀, kí ẹ kọ iye tí ẹ gbà síbẹ̀. Ẹ sọ fún wa tó bá jẹ́ pé àtẹ ẹlòmíì lẹ wò kọ. Ẹ sì sin ọ̀rọ̀ yẹn, "ó ṣubú."

15/ Tí ẹ bá fi ọmọ sí ipò 3, tí wọ́n wá pè é ní 144, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo fi 141 ṣìnà." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Kò ní pa yín.