Ọwọ́ òmìrán tí wọ́n jù sódò: Bí ìlú Antwerp ṣe gba orúkọ, àti owó ibodè tó fojú wọn rí màbo

Àwọn mẹkáníìkì àtàwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀ kì í fẹ́ pe ẹ́ńjìnì àlòkù ní àlòkù, "Bẹ́líjọ̀mù" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní, "Bẹ́líjọ̀mù pọ́ńbélé lèyí o, ọ̀gá mi, kò tíì fojú kan títì Èkó rí." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe táyà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe jíà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ní kí wọ́n dárúkọ ìlú kan péré ní Bẹ́líjọ̀mù, ẹni tó bá dárúkọ Antwerp nínú wọn ló mọ̀dí ọ̀rọ̀, nítorí èbúté ìlú yìí ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń lọ sí Kùtọnù àti Èkó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìlú àwọn Flemish ni Antwerp, èdè Dutch ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Antwerpen sì làwọn fúnra wọn ń pe ìlú wọn. Etí odò Schelde ló wà. Ilẹ̀ Faransé lodò yìí ti ṣẹ̀ wá, ó gba inú Bẹ́líjọ̀mù kọjá, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ Họ́láńdì ló ti wọ òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti Họ́láńdì yẹn sọ́kàn o, torí ibẹ̀ gan-an lejò lọ́wọ́ nínú.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ fọ́mọdé níbẹ̀ ni pé láyé àwọn ará Róòmù, òmìrán kan wà létí odò náà tó ń jẹ́ Druon Antigoon. Ó kọ́ ilé olódi síbẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ joyè oníbodè. Kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ẹ́ kọjá tí kò ní í sanwó. Ọlọ́kọ̀ tó bá lóun ò san, tàbí tó fẹ́ẹ́ fọgbọ́n kọjá lóru, òmìrán á gbá a mú, á gé ọwọ́ rẹ̀ kan, á sì sọ ọwọ́ náà sódò. Àwọn àgbèrò inú gáréèjì ò tiẹ̀ le tó o, torí àgbèrò á yọ wáípà mọ́tò ni, kò ní í gé ọwọ́ dẹ́rẹ́bà.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí ọmọ ogun Róòmù kan tó ń jẹ́ Silvius Brabo fi yọjú. Ó lóun ò ní í san kọ́bọ̀. Ni àwọn méjèèjì bá wọ̀yá ìjà, nígbà tí eruku sì rọlẹ̀, Antigoon ló wà nílẹ̀. Brabo ò dúró gbẹjọ́ ẹnikẹ́ni, ó fa idà yọ, ó gé ọwọ́ òmìrán, ó sì ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ: ó jù ú sínú odò Schelde. Lédè wọn, "hand" ni ọwọ́, "werpen" sì ni kéèyàn ju nǹkan. "Hand werpen", ìyẹn ni pé kéèyàn ju ọwọ́. Wọ́n ní bó ṣe di Antwerpen nìyẹn. Ti Brabo náà ò sì gbé, wọ́n lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ gbogbo àgbègbè ibẹ̀ ní Brabant.

Ìtàn náà dùn, ó sì ti wọ ará ìlú yẹn lára. Níwájú gbọ̀ngàn ìlú, lójúde tí wọ́n ń pè ní Grote Markt, ère Brabo wà níbẹ̀ láti 1887, Jef Lambeaux ló ṣe é. Ìhòòhò ni Brabo wà, ó na ọwọ́ òmìrán sókè bí ẹni tó fẹ́ẹ́ sọ ọ́ báyìí, àfi bíi kí ẹni tó dúró nísàlẹ̀ sá. Omi ń tú jáde lára ère náà, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe ọpọ́n kankan sídìí rẹ̀, àárín òkúta ilẹ̀ lomi náà ń gbà wọlẹ̀. Ọwọ́ wà lára àmì ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olódi. Ní nǹkan bíi 1534, gbajúmọ̀ ayàwòrán Pieter Coecke van Aelst ṣe ère òmìrán náà gàgàrà, tí wọ́n máa ń gbé kiri ìgboro nígbà àjọ̀dún. Nígbà tó sì di 1934, bisikíìtì tó rí bí àtẹ́lẹwọ́ dé, wọ́n ṣì ń tà á fáwọn àlejò títí dòní, wọ́n tún ń fi ṣokoléètì ṣe é.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣèwádìí orúkọ ìlú lóhùn-ún ò gba ìtàn òmìrán yìí gbọ́ rárá. Wọ́n ní orúkọ ìlú náà ti wà nínú ìwé kan tí wọ́n kọ ní 726, tó jẹ́ ti Willibrord, àlùfáà tó mú ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ wá ságbègbè náà. "Antwerpo" ló wà níbẹ̀. Kò sí "h" tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ "hand" níwájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ òmìrán. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn fara mọ́ ni pé ọ̀rọ̀ méjì àtijọ́ ló para pọ̀ di orúkọ náà: "anda", ìyẹn ohun tó kọjú sí nǹkan, àti "werp", ohun tí wọ́n jù jọ. Ilẹ̀ tí odò jù jọ sí bèbè ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìṣe odò á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Omi òkun máa ń tì wọ inú Schelde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á tún fà padà. Níbi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹrẹ̀ àti iyanrìn tó ń gbé bọ̀ á máa dúró síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ á fi ga tó ibi téèyàn lè kọ́lé sí láìsí pé omi ń gbé e lọ. Orí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tẹ Antwerp dó sí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò láàárín 1952 sí 1961, wọ́n hú àwókù ìkòkò àti gíláàsì jáde, tó fi hàn pé èèyàn ti ń gbébẹ̀ láyé ìjọba Róòmù. Àwọn mìíràn ní "werf" ló wà nínú orúkọ náà, ìyẹn èbúté. Èyí tó bá wù kó jẹ́, kì í ṣe èèyàn ló ju nǹkan sódò, odò ló ju nǹkan sí bèbè.

Àwọn ará ìlú náà ti jiyàn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Dókítà kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Goropius Becanus, tó kọ ìwé ńlá lórí orísun ìlú náà ní 1569. Wọ́n ń fi egungun ńlá kan hàn nígbà náà pé ti òmìrán ni, Becanus ló sọ fún wọn pé ti erin ni. Orí rẹ̀ pé níbi tá a dé yìí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ló tún sọ pé èdè tí wọ́n ń sọ ní Antwerp ni Ádámù àti Éfà sọ nínú ọgbà Édẹ́nì, pé torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrú ni. Ìfẹ́ ìlú ẹni lè sọ ọ̀mọ̀wé di ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé, bí òmìrán kò tilẹ̀ sí, oníbodè wà. Òun ló fojú ìlú náà rí màbo fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Láàárín 1500 sí 1570, ẹ̀rù ni Antwerp láàárín àwọn ìlú oníṣòwò. Ìkún omi òkun ti la ẹnu odò wọn gbòòrò, nígbà tí ẹrẹ̀ ń dí ọ̀nà omi ìlú Bruges tó jẹ́ ọ̀gá wọn tẹ́lẹ̀. Ní 1501, ọkọ̀ àwọn Pọtogí kó ata ilẹ̀ Íńdíà gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní 1531, wọ́n kọ́ ilé ńlá kan fáwọn oníṣòwò gbogbo orílẹ̀-èdè láti máa dúnàádúrà. Idẹ àti bàbà làwọn Pọtogí ń wá níbẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń kó o lọ: etí òkun ilẹ̀ adúláwọ̀ ni. Ní 1548, ilé-iṣẹ́ ìdílé Fugger ti Jámánì bá aṣojú ọba Pọtogí tọwọ́ bọ̀wé ní Antwerp pé àwọn á máa pèsè ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ tí wọ́n ń pè ní manilla. Owó ni wọ́n ń fi ẹ̀gbà yìí ná létí òkun níbí, òun náà ni wọ́n fi ń ra ẹrú. Ìwádìí tó jáde ní 2023 sì fi hàn pé idẹ irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀, tó wá láti àgbègbè odò Rhine ní Jámánì, làwọn alágbẹ̀dẹ Bìní yọ́ fi ṣe ọ̀pọ̀ lára ère ààfin Ọba wọn tí gbogbo ayé ń pariwo lónìí.

Ìjà ẹ̀sìn àti ìjà ìjọba ló da ìgbádùn náà rú. Ní November 4, 1576, àwọn sójà ọba Sípéènì tí wọn ò rówó oṣù gbà ya wọ ìgboro, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, wọ́n sì dáná sun gbọ̀ngàn ìlú tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gágun Parma fi ọkọ̀ ṣe afárá dí odò Schelde pa, ebi wọ ìlú, wọ́n sì túúbá ní August 17, 1585. Wọ́n fún àwọn tí kì í ṣe ìjọ Àgùdà lọ́dún mẹ́rin kí wọ́n kẹ́rù wọn. Láàárín ọdún díẹ̀, nǹkan bí ìdajì ará ìlú ti lọ, àwọn oníṣòwò, àwọn tó ń tẹ̀wé, àwọn tó ń hun aṣọ. Amsterdam ni ọ̀pọ̀ wọn forí lé, ibẹ̀ ló sì là.

Àwọn ará Họ́láńdì tó ń bá Sípéènì jà ló wà lẹ́nu odò. Kíá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ òkun kankan ò gbọdọ̀ wọ Antwerp tààrà mọ́. Nígbà tí wọ́n sì jókòó parí ìjà ní 1648, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé títì ni kí odò náà wà. Ìlú tó ń fún gbogbo Yúróòpù lájé di ibi tí wọ́n ti ń wo omi lásán.

Ní October 8, 1784, olú-ọba Joseph Kejì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà ní kí ọkọ̀ kan kọjá, kóun wo ẹni tí yóò dá a dúró. Àwọn ará Họ́láńdì yin ìbọn ńlá ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìkòkò ọbẹ̀ ni ọta náà bà! Ọ̀gá ọkọ̀ juwọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ogun Ìkòkò ni wọ́n sọ ọ́ títí dòní, wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n odò ò tìtorí ẹ̀ ṣí. Ó di 1795, nígbà tí àwọn Faransé gba gbogbo agbègbè náà, kó tó ṣí.

Bẹ́líjọ̀mù gba òmìnira tán, Họ́láńdì tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Nínú àdéhùn 1839, wọ́n gbà kí ọkọ̀ kọjá o, ṣùgbọ́n kó san gílídà kan àtààbọ̀ lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Antigoon jíǹde! Ó di 1863 kí Bẹ́líjọ̀mù àtàwọn orílẹ̀-èdè tó ń bá a ṣòwò tó dá owó jọ, mílíọ̀nù gílídà mẹ́tàdínlógún àti díẹ̀, tí wọ́n kó lé Họ́láńdì lọ́wọ́ pé kó gbà, kó má bi ọkọ̀ kankan lówó mọ́. Ní 1883, wọ́n kọ́ òpó ìrántí rẹ̀ sáàárín ìlú.

Ọdún méjì lẹ́yìn òpó yẹn, ọba wọn, Leopold Kejì, sọ Kóńgò di dúkìá ara rẹ̀. Èbúté tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ oníbodè yìí ni rọ́bà àti eyín erin ibẹ̀ ń já sí. Akọ̀wé kan wà ní Elder Dempster ní Liverpool, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi táwọn àgbà Èkó mọ̀ bí ẹní mowó. E. D. Morel lorúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń rán an lọ sí Antwerp nítorí ọkọ̀ Kóńgò. Ó wò ó títí, ó rí i pé ọkọ̀ tó ń kó rọ́bà kún wá, ìbọn àti ọta ló ń kó padà, kò sí ọjà gidi kan tí wọ́n fi ń san owó rọ́bà náà. Ó mọ̀ pé ipá ni wọ́n fi ń kó àwọn èèyàn yẹn ṣiṣẹ́, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé kiri ayé. Ní Kóńgò, wọ́n ní kí àwọn sójà Leopold máa mú ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí wọ́n pa wá, kí ọ̀gá lè mọ̀ pé wọn ò fi ọta ṣòfò, àwọn mìíràn sì ń gé ọwọ́ èèyàn láàyè láti fi dí i. Ti èyí kì í ṣe àlọ́, fọ́tò rẹ̀ wà. Ní 1908, wọ́n gba Kóńgò lọ́wọ́ Leopold. Lóòótọ́, ìtàn òmìrán ni bisikíìtì ọwọ́ yẹn ti wá, kì í ṣe Kóńgò, ṣùgbọ́n ọmọ Kóńgò tó bá rí i nínú ṣọ́ọ̀bù, kò ní í ṣàìdúró wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ọ̀gágun pàápàá gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu odò yìí. Ní September 4, 1944, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì gba Antwerp lọ́wọ́ Jámánì, èbúté náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ rárá. Inú wọn dùn. Àṣé ẹnu odò ṣì wà lọ́wọ́ àwọn Jámánì, ìbọn wọn sì dojú kọ omi. Àwọn sójà Kánádà ló jà jù nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kú, ó sì di November 28 kí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù àkọ́kọ́ tó wọlé. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ní èbúté tí wọn ò lè lò.

Lónìí, èbúté Antwerp ti para pọ̀ pẹ̀lú ti Bruges láti 2022, òun ló sì tẹ̀ lé Rotterdam ní Yúróòpù. Ẹnu odò ṣì wà ní Họ́láńdì, bí Bẹ́líjọ̀mù bá sì fẹ́ẹ́ gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ jókòó sọ ọ́ ni, bí wọ́n ṣe tọwọ́ bọ̀wé lórí rẹ̀ ní 2005. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kó tòkunbọ̀ kún inú ń gba iwájú wọn kọjá láìsan owó ibodè. Ó dìgbà tó bá gúnlẹ̀ sí Èkó kí kọ́sítọ́ọ̀mù tó ní kó dúró ná.