Bí Ẹ Ó Bá Yá Eré Òyìnbó, Ẹ Gé E Mọ́ Wa Lára

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà níhìn-ín ní Ìlọrin tí ẹ kò lè bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ẹ bi í léèrè bí Ferrari ṣe ń sáré tó, yóò dá yín lóhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Inú eré mọ́tò àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ló ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 2022, òun náà ra mọ́tò tirẹ̀, tòkunbọ̀ ni. Kò tíì lò ó pé oṣù mẹ́ta tó fi kọrí sí ọ̀nà Jẹ́bà lọ́jọ́ kan. Táyà ẹ̀yìn bẹ́, mọ́tò sì gbókìtì lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ẹsẹ̀ kan péré ló kán.

Nígbà tí a lọ wọ́ mọ́tò náà wálé, mẹkáníìkì tó bá mi lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka nu eruku ara táyà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan." Nọ́ńbà mẹ́rin ló fi hàn mí: 1811. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2011 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ọdún mọ́kànlá! Mo dé ọsibítù, mo bi ọmọ wa bóyá ó mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́. Ó ní, "Bàbá kékeré, n ò tiẹ̀ mọ̀ pé nọ́ńbà kankan wà lára táyà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí ló gbé kálámù lé mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ọmọ yẹn ni mo fẹ́ bá wí o. Àwọn tó ń yá eré tẹlifíṣọ̀n ìlú òkèèrè wá fún wa ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá yá eré eléré, kó gé e mọ́ àwọn tó fẹ́ wò ó lára, bí kò bá lè gé e, kó dá a padà fún ẹni tó ni ín.

N kò sọ pé kí a má yá nǹkan. Ta ni kì í yá? Ẹ wo Ọlá Rótìmí. Ní 1968, ó mú ìtàn ọba Gíríìkì kan tó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀, ó fi ṣe eré The Gods Are Not to Blame. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, ojú ọ̀nà ni ìjà náà ti ṣẹlẹ̀, nítorí ta ni yóò yà fún ta ni. Ọlá Rótìmí mọ̀ pé ìjà tí yóò dun Yorùbá wọra jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Ó gbé e lọ sí oko iṣu lẹ́bàá Ẹdẹ, ó sọ ọ́ di ìjà ilẹ̀, ó sì fi ọkọ́ lé Ọdẹ́wálé lọ́wọ́. Ẹni tó bá wo eré náà kò ní rántí pé Gíríìkì ló ni ín. Ìyẹn ni mo pè ní yíyá nǹkan.

Àwọn òyìnbó pàápàá kì í wọ aṣọ ara wọn láìtún un rán. Eré mọ́tò kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Top Gear. BBC ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1977, wọ́n sì tún un dá sílẹ̀ ní 2002, tó fi wá di eré tí gbogbo ayé ń wò. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ yá a, èdè kan náà ni wọ́n jọ ń sọ, àwọ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ó rò pé ká kàn gbé e kọjá òkun ni. Rárá o! NBC kọ́kọ́ dán an wò ní 2008, wọn ò gbà á wọlé. Ọdún 2010 ló tó dúró, lórí ìkànnì History. Kí ni wọ́n fi sínú rẹ̀? Wọ́n ní kí àwọn atọ́kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ra mọ́tò olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n ṣe bí àwọn tó máa ń fi mọ́tò gbé ògógóró sá mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́ láyé ijọ́un. Ìtàn tiwọn nìyẹn! Ara irú àwọn awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ni eré ìje mọ́tò tí wọ́n ń pè ní NASCAR ti ṣẹ̀. Eré náà wà lórí afẹ́fẹ́ títí di 2016.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ̀ wálé. Eré Who Wants to Be a Millionaire bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1998, ó dé ọ̀dọ̀ wa ní 2004, Frank Edoho sì ni atọ́kùn rẹ̀ títí di 2017. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Wọ́n máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tó kan ilẹ̀ wa níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń béèrè gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà tó mọ ìtàn Àfọ̀njá àti Àlímì tinú-tẹ̀yìn kò lè dé ibi àga yẹn láéláé. Wọ́n gé apá aṣọ, wọ́n fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ti Big Brother ló wá burú jù. Ilẹ̀ Netherlands ló ti ṣẹ̀ ní 1999, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní 2006. Nígbà tó padà wá ní 2017, orílẹ̀-èdè South Africa ni wọ́n gbé kọ́lé sí, tí wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ síbẹ̀, kí àwa lè jókòó sílé máa wo ara wa láti ilé onílé. Lai Mohammed, ọmọ Ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí, ni mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ṣòkòtò àgbàbọ̀ṣe, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọ́n á ní ẹni tó ni eré a máa fúnni ní ìwé òfin, a kò sì gbọdọ̀ yẹ ẹsẹ̀ kan níbẹ̀. Mo gbà pé òfin wà. Ṣùgbọ́n ṣé ìwé òfin kò sí lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ni? Atọ́kùn mẹ́ta ni wọ́n bá nínú eré náà, mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀. Awakọ̀ tó ń fi akoto bojú tí kì í sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn ni wọn ò fọwọ́ kàn, wọ́n pààrọ̀ inú rẹ̀. Wọ́n á tún ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń polówó ọjà fẹ́. Irọ́ ńlá! Ẹ tan rédíò yín níhìn-ín láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ọṣẹ àti oògùn ibà fún wa, ṣebí Yorùbá geere ni wọ́n ń sọ. Àbí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ wa lọ́gbọ́n nìkan ni Yorùbá kì í gbọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá wá fẹ́ yá eré mọ́tò wá sí Ìlọrin, àbá tèmi nìyí. Nígbà tí eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lọ lọ́wọ́, Dunsfold ni wọ́n ti máa ń dán mọ́tò tiwọn wò, pápá ọkọ̀ òfuurufú tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí tiwa gba ọ̀nà Jẹ́bà, kí wọ́n di iṣu lé e, ká rí èyí tí kòtò kò ní dá dúró. Bí wọ́n ṣe máa ń fi gbajúmọ̀ sínú mọ́tò olówó pọ́ọ́kú nígbà náà, kí tiwa pe olórin dadakúàdà, kí wọ́n fi í sídìí Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ká wo ẹni tí yóò kọrin kí ẹnì kejì. Kí atọ́kùn rẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì àgbà tí epo dúdú wà léèékánná rẹ̀, kó fi hàn wá bí a ṣe ń mọ mọ́tò tí omi ti gbé rí, bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń yí nọ́ńbà máìlì padà sẹ́yìn, àti ibi tí ọjọ́ orí táyà wà. A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì gbọ́n.

Ìlú ẹlẹ́ṣin ni Ìlọrin. Ẹni tó bá mọ ẹṣin kì í sanwó rẹ̀ láìla ẹnu rẹ̀ wo eyín, nítorí eyín ló ń sọ ọjọ́ orí ẹṣin. Nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà yẹn, eyín ẹṣin òde òní ni. Ọmọ wa ti ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn báyìí, ó ń tiro díẹ̀. Ó ṣì ń wo eré òyìnbó rẹ̀ lálaalẹ́, n kò sì dá a lẹ́kun. Ẹni tí n kò ní yé dá lẹ́bi ni ẹni tó lágbára láti fi tiwa hàn án, tó lọ ra ti òkèèrè, tí kò tilẹ̀ mú abẹ́rẹ́ dání.