Ilé Tí Ènìyàn Wà Nínú Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi fi kún un pé òjò là ń wò kí a tó ra ilé. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí ilé tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, oòrùn ń ràn, éjẹ́ńtì ń rẹ́rìn-ín, ilé náà sì dùn ún wò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní kí a padà lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Nígbà tí a padà lọ ní oṣù kẹfà, omi ti kún àgbàlá dé ọrùn ẹsẹ̀. Títì ti ga ju ilé lọ, nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ni wọ́n ń da nǹkan lé e lórí. Ohun tí a rí lọ́jọ́ náà la fi bẹ̀bẹ̀ tí iye ilé fi wálẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má rò pé mo ti dolówó. Òǹkọ̀wé ni mí, owó tí ń wọlé fún mi kò sì ní ọjọ́ kan pàtó. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá wa la dá owó jọ: àjọ tí mo ti ń dá láti ìgbà àgùnbánirọ̀, ẹ̀yáwó tí ẹ̀gbọ́n mi gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, àti owó ìfẹ̀yìntì ìyá wa. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin ni, ó ti ju ogójì ọdún lọ, ó wà ní òpópónà kékeré kan ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè. A kò rà á láti gbé inú rẹ̀. A fẹ́ kí owó ilé máa wọlé fún ìyá wa lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ìwé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ́ ilé náà ti kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé sì ti di ogún ẹbí. Éjẹ́ńtì ní mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mẹ́rin ti fọwọ́ sí i, pé ìkẹrin wà lókè òkun, kò sì ní í bínú. Lọ́yà wa kọ̀ jálẹ̀. Láti ìgbà ìdájọ́ ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ó ti fìdí múlẹ̀ pé bí ọmọ ẹbí kan bá dá ogún ẹbí tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òtúbáńtẹ́ ni títà náà. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá tà á láìgba àṣẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n nínú ẹbí, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Oṣù méjì gbáko la fi dúró de ìwé àṣẹ ọmọ kẹrin. Lọ́yà tún lọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá, kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún gbèsè. Owó tí a san fún un dùn wá, ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìwé parí, ó ku ènìyàn. Ayálégbé wà nínú yàrá mẹ́ta, ọ̀kan ló ṣófo. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni ìyá àgbàlagbà kan wà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Alákàrà. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi gbé ibẹ̀, iwájú ilé náà ló sì ti ń dín àkàrà láràárọ̀. Éjẹ́ńtì ní, "Ẹ fún gbogbo wọn ní ìwé kí wọ́n kó jáde. Ẹ tún ilé ṣe, ẹ tẹ́ táìsì sí i, kí ẹ sì sọ owó ilé di ìlọ́po mẹ́ta." Ẹ̀gbọ́n mi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Òun ló ń san ẹ̀yáwó lóṣooṣù.

Òfin kò ní dí wa lọ́wọ́. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, kí a fún ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, kí a fún ẹni tó ń san lóṣooṣù ní oṣù kan, kí a sì tún fi ìkìlọ̀ ọjọ́ méje kún un kí a tó gba kóòtù lọ. Ohun tí ó kù ni kí a ka oṣù.

Ìyá wa ló dáhùn. Erékùṣù Èkó ni ìyá tó bí i ti ń tajà rí. Láti 1955, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó kí ìlú lè lẹ́wà, wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé wá sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, ṣe ìwádìí láàrin wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló pàdánù ọjà wọn, tí àwọn ẹbí sì jìnnà síra. Ìyá wa kò ka ìwé náà rí. Ohun tó sọ ni pé, "Ilé tí wọ́n kó ìyá mi wá lẹ́wà ju èyí tí wọ́n wó lọ. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan ṣoṣo kò bá a wá." Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́.

Kí n má purọ́, àánú nìkan kọ́. Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò. Ká ní yàrá mẹ́ta ń mú ₦900,000 wọlé lọ́dún. Bí ilé bá ṣófo fún oṣù mẹ́fà, ₦450,000 ti bá omi lọ kí a tó ra àpò símẹ́ńtì kan. A óò tún san owó fún éjẹ́ńtì láti wá ayálégbé tí a kò mọ ìwà rẹ̀. Yàrá tó ṣófo ló gbà wá. A kọ́kọ́ tún òun ṣe, a kó ìdílé kan sínú rẹ̀, a tún yàrá tiwọn ṣe, wọ́n padà, ìdílé mìíràn sì kó wọlé. Ó pẹ́, ó sì rúnilójú, ṣùgbọ́n owó ilé kò dá dúró.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Mo rí táìsì olówó pọ́ọ́kú, mo sì fi owó àtúnṣe rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí bíríkìlà ṣí sọ́kàwéè, ó ti kún, ògiri rẹ̀ sì ti là. Owó kò sí mọ́. Oṣù mẹ́rin ni táìsì fi wà lábẹ́ ibùsùn mi. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ètò rẹ̀: òrùlé, ọ̀nà omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wáyà iná, kí ọ̀dà àti táìsì tó tẹ̀ lé e. Bí òrùlé ilé yín bá jẹ́ asbestos àtijọ́ bíi tiwa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí kí ó fọ́ ọ ní gbígbẹ. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, kí ó máa wọ́n omi sí i, kí ó sì bo imú. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí a ti ṣún owó ná.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ da yanrìn sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà kan dé, wọ́n ní kí a wá san owó ilẹ̀. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 láti dáàbò bo dúkìá kò fàyè gba irú rẹ̀, mo sì ń wá nọ́ńbà lọ́yà nínú fóònù. Màmá Alákàrà dìde nídìí àgbáda. Ó pe méjì nínú wọn ní orúkọ ìyá wọn, ó bi ẹ̀kẹta bóyá ó ti gbàgbé àkàrà àwìn ìgbà tó wà nílé ìwé. Wọ́n tẹríba, wọ́n sì lọ. Ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà la ì bá fún obìnrin yìí.

Lẹ́yìn iṣẹ́, a jókòó pẹ̀lú àwọn ayálégbé, a sì fi ìdá mẹ́rin kún owó ilé. Òfin 2011 fún ayálégbé láyè láti lọ sí kóòtù bí àfikún bá pọ̀ jù, a sì sọ ọ́ fún wọn. Olúkúlùkù gba rìsíìtì. Èyí kéré sí ohun tí éjẹ́ńtì ṣèlérí, gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò sì pẹ́ jù bí ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ lọ. Kò ì tíì sọ pé mo jàre.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo pe Màmá kí n lè mọ̀ bóyá omi wọlé. Ó ní, "Lánlédì kékeré, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí." Nígbà tí mo débẹ̀ ní òwúrọ̀, mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, ó ń yẹ gọ́tà wò, àkàrà gbígbóná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.