Ta Ni Ó Ní Orin Akin Euba Kì Í Ṣe Tiwa?

Ní sáà tí ó kọjá, mo gbé orin píánò Akin Euba, Scenes from Traditional Life, lọ sí kíláàsì mi ní Ìgàndò. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí àwọn ọmọ fi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ológbò ni ó ń sáré lórí píánò. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tí ó dùn mí ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi tí ó yọjú lójú fèrèsé pé: “Tíṣà, kí ni ti olùkọ́ Yorùbá nínú ariwo òyìnbó tí kò ní ọ̀rọ̀?”

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹjọ́ yìí wò. Wọ́n ní kò ní ọ̀rọ̀. Ẹnu wo ni ìyáàlù ní tí ó fi ń ki ọba? Àwọn àgbà ní òwe òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Wọn kò ní kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pè é ní ariwo.

Wọ́n ní ti òyìnbó ni píánò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ìwé ìtàn-àròsọ kò sí lára ohun tí a jogún lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa. Olùkọ́ wo ni yóò sọ lónìí pé kì í ṣe tiwa?

Euba pàápàá kì í ṣe àjèjì sí ìlù. Èkó ni a bí i sí ní 1935. Ó kọ́ṣẹ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù. Dùndún ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon ní 1974. Ní 1963, ó pa píánò pọ̀ mọ́ ìlù Yorùbá nínú Igi Ńlá So. Nínú iṣẹ́ ti 1970 tí àwọn ọmọ fi rẹ́rìn-ín yìí, ó to ohùn méjìlá ní ọ̀nà Schoenberg ará Austria, ṣùgbọ́n bí ẹni ń lu ìlù ni ó ṣe lo píánò.

Mo gbà pé píánò kò lè yọ́ ohùn bí awọ ìyáàlù. A kò sì gbọdọ̀ tan akẹ́kọ̀ọ́ pé ó ń sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni àbùkù wà. Ọmọ Ìkọ̀tún tàbí Ẹgbẹ́dá lè to ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú fún olùdánwò, kí ó sì gba máàkì, láìfi etí ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì rí. Àwa ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò dá ohùn ìlù baba rẹ̀ mọ̀ nínú ilé, báwo ni yóò ṣe dá a mọ̀ nínú aṣọ àlejò?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, dùndún ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Mo ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ bá gúdúgúdú lọ lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ni mo tó fi Euba sí i. Àwọn kan ṣì rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní kí n tún un fi sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dájọ́. Bí kò bá wù yín lẹ́yìn náà, kò burú. Ẹ ó kúkú ti gbọ́ ọ.