ÀTÚNṢE MỌ́ṢÁLÁṢÍ ÀTIJỌ́: Ọ̀RÀN GBOGBO ÌLÚ NI

Ọ̀ràn kan wà tí ó ti tó àkókò kí a sọ ọ́ ní gbangba. Nígbàkigbà tí a bá gbé ìwé ìdáwó dìde láti tún mọ́ṣáláṣí àtijọ́ kan ṣe, èsì méjì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Àwọn kan a ní, ‘Ẹ wó ògbólógbòó náà, kí ẹ kọ́ tuntun.’ Àwọn mìíràn a ní, ‘Ti àwọn Ìmàle ni; kí àwọn tí ń kírun níbẹ̀ ná owó wọn.’ Ẹgbẹ́ wa kò fara mọ́ ti èkíní, bẹ́ẹ̀ ni a kò fara mọ́ ti èkejì, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ará tí ń ka ìwé wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí ó wà ní Martins Street, ní Erékùṣù Èkó, ṣe àpẹẹrẹ. Mohammed Shitta, ẹni tí àwọn òbí Yorùbá bí ní Waterloo ní ilẹ̀ Sàró, tí ó sì ṣòwò títí dé Odò Ọya, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó ya àwòrán ilé náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1894, tí a ṣí i, Gómìnà Gilbert Carter ni ó ṣe alága. Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, amòfin Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Ìsìláàmù, wá láti Liverpool gẹ́gẹ́ bí aṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí oyè Bey ti wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ wá lójú jù ni pé J. P. L. Davies, R. B. Blaize àti John Otunba Payne, àwọn ọ̀tọ̀kùlú Onígbàgbọ́, wà láàárín àwọn tí ó péjọ. Bí wọ́n bá ti ka ọ̀ràn náà sí ti Mùsùlùmí nìkan ni, wọn ì bá jókòó sí ilé wọn. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1895, ọlọ́jọ́ dé bá Shitta Bey; ilé náà kò bá a lọ. Gbogbo ìlú ni ó fi í sílẹ̀ fún.

Ní ti àwọn tí ń sọ pé kí a wó o, a kò bá wọn jiyàn pé ẹ̀sìn ń gbèrú, tàbí pé mọ́ṣáláṣí àtijọ́ mìíràn kò gba èrò ọjọ́ Jímọ́ọ̀ mọ́. Kí a kọ́ tuntun, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bí ọmọ tuntun kì í torí rẹ̀ ti ìyá rẹ̀ àgbà síta. Ilé Ilojo ní Tinubu, tí a kọ́ ní 1855, ni ìjọba ti kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016 ni a wó o palẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey náà gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní 2013. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìwé ìjọba nìkan kò lè gbé ògiri dúró. Àwọn onílé ni ó ń gbé e dúró.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ilé àtijọ́, omi òjò ni aláǹgbá náà. Láti ibi tí páànù ti jò ni ó ti ń wọlé. A jẹ igi àjà, a sì sọ̀kalẹ̀ sínú ògiri. Bí a bá wá fi ìkánjú rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé ògiri amọ̀ tàbí ti ẹfun, omi náà kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ògiri a sì máa jẹrà láti inú wá nígbà tí ojú rẹ̀ ń dán. Nítorí náà, òrùlé ni kí a kọ́kọ́ fi owó ṣe, kí a sì wá bíríkìlà tí ó mọ ọwọ́ ẹfun sísun, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti rí.

Wàyí o, ọ̀ràn owó. Lójú tiwa, kì í ṣe àìní nìkan ni ó ń pa ìdáwó ní ìlú wa. Àìgbọ́kànlé ń pa á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ni ó ti dáwó rí tí kò gbọ́ ìròyìn rẹ̀ mọ́. A dá a lábàá pé kí a kọ iye iṣẹ́ àti iye owó sílẹ̀ kí a tó gba náírà kan. Kí owó wà ní báńkì lábẹ́ ìfọwọ́sí ènìyàn mẹ́ta tí kì í ṣe ọmọ ilé kan náà. Kí a máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo ènìyàn lóṣooṣù lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ààfin. Kí a sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ọdọọdún.

Ti ìtọ́jú yìí ṣe pàtàkì jù lọ. Ní Djenné, ní ilẹ̀ Mali, mọ́ṣáláṣí ńlá tí a parí ní 1907, tí ó jẹ́ kìkì amọ̀, ṣì dúró títí di òní, nítorí pé lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde láti rẹ́ ẹ: ọ̀dọ́ ń gbé amọ̀, obìnrin ń pọn omi, àwọn ọ̀mọ̀lé ń gun ògiri. Ẹni tí kò ní owó ní ọwọ́.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ni ará ìlú ń wò. Bí orúkọ yín bá ṣíwájú nínú ìwé ìdáwó, tí owó sì tẹ̀ lé orúkọ náà, àwọn yòókù kò ní fà sẹ́yìn. Ẹ̀yin Onígbàgbọ́ àti ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe, ẹ rántí àwọn tí ó péjọ ní 1894. Ní tiwa, ojú ewé wa ṣí sílẹ̀: bí a ó ti tẹ orúkọ ẹni tí ó mú ọ̀kẹ́ owó wá, bẹ́ẹ̀ ni a ó tẹ ti ìyá tí ó mú igba náírà wá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó tún dé.